Omi Tí Wọn Kò Fi Sódìkejì

N kì í ṣe ẹni tó ń tètè dárí jini. Ìyá mi sọ bẹ́ẹ̀ kó tó kú, àlùfáà ìjọ wa sọ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi ń sọ ọ́ títí dòní. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ̀yin náà sọ bẹ́ẹ̀, n kò ní bá yín jà.

Nígbà tí Èkìtì ṣì wà lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, mo ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn kan lágbègbè Ìjerò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ni. Iṣẹ́ wa ni kí á ya ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, a ó gbé e kalẹ̀ nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ títí yóò fi dì, lẹ́yìn náà a ó tì í bọ inú ẹ̀rọ tó ń fi í yí fìrìfìrì. Bí ẹ̀rọ bá dúró, èyí tó pupa ti rọ̀ sísàlẹ̀, omi rẹ̀ á sì lé téńté sókè bí omikan orí ògì. Omi yẹn là ń wá. Òun ló ń sọ ẹ̀jẹ̀ tí ara aláìsàn lè gbà àti èyí tí yóò bá a jà.

Òfin ẹ̀rọ náà ni pé kò gbọdọ̀ gbé ẹrù sí apá kan. Bí ìgò kan bá wà níhìn-ín, òmíràn tó wúwo bákan náà gbọ́dọ̀ wà ní òdìkejì rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo la ní, a ó bu omi sínú ìgò kejì títí wọn yóò fi dọ́gba. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi, ó sì gbá mi létí kí n má baà gbàgbé. Ó mọ iṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ ló dùn ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n gbé wá fún wa láti Àkúrẹ́ wà lórí tábìlì. Oníná ni, ó ń dán. Ọ̀gá ń kánjú, nítorí takisí tó ń lọ sí Adó ti ń fun fèrè dè é lẹ́nu géètì. Ó rán mi pé kí n lọ pọn omi wá. Kí n tó gbé garawa dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ń ké. Mo rí i tó ń rìn lórí tábìlì, ó já lulẹ̀, irin àárín rẹ̀ tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Ìgò kan péré ni ọ̀gá fi sí i. Kò dúró de omi.

Dókítà sáré wọlé, ó ní ta ló ṣe èyí. N kò tíì sọ garawa kalẹ̀ tí ọ̀gá mi fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sí i. Ọmọdé ni. Ẹ fi ojú tèmi wò ó."

Ẹ wá wo ìkà! Ká ní ó fẹ̀sùn kàn mí ni, ǹ bá rojọ́ tẹnu mi. Ó bẹ̀bẹ̀ fún mi. Ẹni tí wọ́n bá ti ń bá bẹ̀bẹ̀, ó ti jẹ̀bi ná. Mo ní, "Èmi kọ́ o, sà." Dókítà ní mo tún wá láyà láti purọ́, lẹ́yìn tí ọ̀gá mi ti tìtorí mi dọ̀bálẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò tí ilé ìwòsàn ti ṣèlérí láti rán mi lọ, ẹlòmíràn ni wọ́n rán. Èmi di afọgò. Bí mo bá lọ ra ata lọ́jà, wọ́n á ní kí n rọra, kí n má fọ́ abọ́ àwọn bí mo ṣe fọ́ ẹ̀rọ ìjọba. Ìyá ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi nígbà náà ní ọwọ́ mi kò dúró, ó sì kó ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi. Orúkọ rere mi ni ọkùnrin yẹn gbà lọ, mo sì búra nínú ara mi pé yóò dá a padà lójú gbogbo ayé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń dè é ni.

Ìjọ wa ló padà rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ náà n'Íbàdàn. Nígbà tí mo dé, wọ́n fi mí ṣe olórí yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ìjọ kan lọ́nà Àràmọ̀kọ. Ọ̀gá mi ti di ẹni ńlá l'Ákùúrẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì bímọ. Mo gbọ́. Ǹjẹ́ àánú rẹ̀ ṣe mí? Rárá o.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí oyún wá dúró, ó wá bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó bí obìnrin, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n gbé ìyàwó náà wá bá wa lọ́sàn-án gangan, ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó fẹ́ fún un lẹ́jẹ̀. Ọ̀gá mi wà lẹ́yìn wọn nínú agbádá. Ó rí mi, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Iná ti lọ. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ yí ló kù wá kù. Ìyàwó kò ṣẹ̀ mí, ẹ̀jẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi, tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀. Bó ti dì, mo fi í sí apá kan, mo fi omi sí òdìkejì, mo wò wọ́n, wọ́n dọ́gba. Òṣìṣẹ́ mi kan wà nítòsí tí apá rẹ̀ le bí irin. N kò pè é. Ọ̀gá ni mo kọjú sí, lójú àwọn àna rẹ̀.

"Ẹ bọ́ agbádá, sà. Ẹ wá bá wa yí i."

Ó yí i. Òógùn bò ó. Bó bá fẹ́ dẹwọ́, mo ní, "Ẹ má dúró o, ẹ̀mí ìyàwó yín ni." Nígbà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo bẹ̀rẹ̀, mo sọ sí i létí: "Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti fi omi sódìkejì." Ó wò mí, ó sì tètè wo ilẹ̀. Ká ní ó sọ pé "jọ̀ọ́" nígbà yẹn, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá tán níbẹ̀. Kò sọ ọ́.

Omi ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ gaara. Mo fà á, mo pò ó mọ́ ẹ̀jẹ̀ àbúrò, mo wò ó dáadáa, kò ṣù pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì fà á sí i lára. Kí ilẹ̀ tó ṣú, obìnrin náà ti ń béèrè ọmọ rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ dì mọ́ mi. "O kú uṣẹ́ o, ọmọ mi. Ulé rẹ ò ní dahoro."

Ọ̀gá mi ti wọ agbádá rẹ̀ padà. Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká. "Màmá, èmi mà ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Ọmọ ọwọ́ mi ni." Ni wọ́n bá yíjú sí i, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orí mi gbóná bíi kí n gbé ẹ̀rọ náà sọ ọ́.

Ìyá ìyàwó fúnra rẹ̀ ló pè mí síbi ìkómọ l'Ẹ́fọ̀n. Nílẹ̀ wa, ẹni tó ṣe ọmọ lóore lè fún un lórúkọ. Á sọ owó sínú abọ́ omi, á pe orúkọ, ilé á dáhùn. Bàbá ọmọ ti pe tirẹ̀, àwọn àgbà ti pe tiwọn. Ó kàn mí. N kò ní kọ orúkọ tí mo sọ ọ́ síbí, torí ọmọ náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òtítọ́ kì í ṣègbé. Àlùfáà tó gbé ọmọ lọ́wọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní kí n sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn tó péjọ.

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti takisí, ti garawa, ti ìgò kan ṣoṣo, ti ìdọ̀bálẹ̀. Mo wá béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá mi bóyá mo purọ́ mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ká apá agbádá rẹ̀ sí èjìká. Ìyá ìyàwó wò ó títí, ó gba ọmọ lọ́wọ́ àlùfáà, ó pe orúkọ tí mo sọ ọ́, ó tún un pè. Ìyàwó náà pè é. Orúkọ tí bàbá mú wá kò dénú ilé.

Àkọ́bí ni. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í pe àgbàlagbà lórúkọ láàárín wa. Orúkọ ọmọ la fi ń pe bàbá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ibi iṣẹ́, ní ojúde àna rẹ̀, orúkọ tí mo sọ sómi lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi ń pè é. Mo ti gbọ́ ọ rí létí ara mi, ní géréèjì l'Áràmọ̀kọ. Ẹnì kan ké sí i láti òkèèrè pé "Bàbá" ẹni báyìí, ó sì dáhùn.