Wọ́n Fọ́ Ìgò Tán, Wọ́n Wá Bọ́ Bàtà

Ogún náírà ni píọ̀ wọ́tà kan nígbà tí mò ń sọ yìí. Mo rántí dáadáa, torí ogún náírà yẹn ló dá ogun sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Òṣòdì tiwa àtàwọn ọmọ Ìsọlọ̀. Ọmọkùnrin Ìsọlọ̀ kan mu omi lọ́wọ́ ìyá olómi tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó nu ẹnu, ó ní òun ò ní ṣéńjì. Ìyá olómi ò tíì bínú tán táwọn ọmọ tiwa ti bá a bínú. Wọ́n lù ú. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ti Ìsọlọ̀ lu ẹni tiwa kan ní Apakun. Bó ṣe di ọ̀rọ̀ iyì àdúgbò nìyẹn. Ẹ má bi mí bí iyì àdúgbò ṣe wọnú ọ̀rá omi.

Sílípáàsì ni mò ń tà ní Bọ́ládé, ní Òṣòdì, nígbà náà, òun náà ni mo ṣì ń tà. Ìwé tí mo kà ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ ẹ bá ti kọjá níwájú mi, mo ti mọ nọ́ńbà ẹ. Kò sì sí ẹsẹ̀ tó wù mí bíi ti ọmọ ìyá olówùú, obìnrin tó ń ta òwú ìránṣọ ní òdìkejì mi. Ẹsẹ̀ òsì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Bó bá ti gbá a, ẹni tó ń nájà á gbàgbé iye tó dá. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ti ní kó wá káwọn wò ó, ìyá ẹ̀ sì ti ń tọ́jú owó bàtà bọ́ọ̀lù. Òun náà wá lọ ń dá sọ́rọ̀ omi.

"Ọkọ mi, jọ̀ọ́, má lọ. Ẹsẹ̀ ẹ yẹn ni mo ní."

"Màámi, tá ò bá kọ́ wọn lọ́gbọ́n lónìí, wọ́n á máa gùn wá lórí ni."

Èmi ọlọ́gbọ́n dá sí i. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ó lọ jàre. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, á tán."

Ọ̀sán gangan ni wọ́n pàdé. Mo kó ọjà mi sábẹ́ tábìlì, mo ń wòran bí ẹni tó sanwó wọlé. Ìgò ni wọ́n ń jù, títí tí títì fi ń dán yinrinyinrin. Ọlọ́pàá dé, tọ̀tún tòsì sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Kí eré lè yá, gbogbo wọn bọ́ sílípáàsì sílẹ̀. Ẹ gbọ́ o: wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fọ́ ìgò sílẹ̀ tán, wọ́n wá bọ́ bàtà kí wọ́n lè sáré lórí ẹ̀. Àwọn ọ̀gágun wa nìyẹn.

Mo ṣa sílípáàsì kún báàfù kan. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ń tiro bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Òṣòdì, ọmọ Ìsọlọ̀, wọ́n jọ tọwọ́ bọ báàfù kan náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èyí tẹ́ ẹ mú yẹn, tèmi ni," ọmọ Òṣòdì kan ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Ìsọlọ̀.

"Háà, má bínú, àbúrò. Wọ́n jọra ni."

Mo ní, "Ẹ̀yin jagunjagun, ta ló borí?"

"Àwa ni!" Ìhà méjèèjì ló dáhùn.

"Ẹ kú iṣẹ́. Ogún náírà ìyá olómi ńkọ́?"

Kálukú tún tọwọ́ bọ báàfù. Ìyá olómi fúnra ẹ̀ ò sí níbẹ̀; wọ́n ti tẹ gbogbo omi ẹ̀ bẹ́ lánàá.

Sílípáàsì ẹni méjì ló ṣẹ́ kù nínú báàfù. Ọ̀kan, èmi ni mo tà á fún ọmọ ìyá olówùú. Ìgò ti gún un lẹ́sẹ̀ òsì. Wọ́n ní ọlọ́pàá ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọsibítù, ló bá fi àkísà di ojú ọgbẹ́, ó ń gbé oògùn kẹ́mísì mì, ó ń sọ fún ìyá ẹ̀ pé òun kàn fẹsẹ̀ kọ ni. Òórùn ló tú u fó. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsibítù, ẹsẹ̀ ti jẹrà, wọ́n gé e. Owó bàtà bọ́ọ̀lù wọlé ìwòsàn. Ẹni tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí tiẹ̀, ọmọ Ìsọlọ̀ tó ni sílípáàsì kejì ni. Ọgbọ́n kan náà lòun náà gbọ́n, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n gé tiẹ̀. Àwọn àgbà ní ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Wọ́n kúkú gborúkọ: ẹlẹ́sẹ̀ kan.

Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ṣì ń jà. Àwọn ọmọ mìíràn ni, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n ń jà sí mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá ìjà ń yanjú nǹkan, mo máa ń ní kó wá jókòó tì mí bí ọdún Iléyá bá ku ọ̀la. Ọmọ Ìsọlọ̀ yẹn á sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ọmọ ìyá olówùú á tọ̀pá wá bá a. Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń wọ̀, méjìlélógójì. Sílípáàsì kan ṣoṣo ni wọ́n á jọ rà: ọ̀kan á mú ọ̀tún, èkejì á mú òsì.

"Àǹtí, ẹ gbowó ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ kan la jẹ́."

"Ẹsẹ̀ méjì ni mo rí níwájú mi. Owó ẹ̀ pé."

Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, èmi náà á bú sẹ́rìn-ín. Ní òdìkejì, ìyá olówùú á kẹ̀yìn sí wa, á máa to òwú tó ti tò láti àárọ̀. Títí dòní, kò sẹ́ni tó san ogún náírà ìyá olómi. Èmi tó yẹ kí n ta sílípáàsì méjì, ọ̀kan ni mò ń tà. Ní Iléyá tó kọjá yìí, owó sílípáàsì kejì tí ìjà yẹn jẹ mọ́ mi lọ́wọ́ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà.