Ọjọ́ Tí Mo Túmọ̀ Òòfà Àbúrò Mi

Èmi ni ògbufọ̀ ní ìjọ Onítẹ̀bọmi wa ní Ìlọra. Bí àlejò bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì wàásù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń dúró sí, tí mo ń sọ ọ́ di Yorùbá fún àwọn àgbà. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi, àfi ọjọ́ Ìsinmi tí àbúrò mi obìnrin wá ṣe ìdúpẹ́.

Ó ti di ọ̀mọ̀wé. Òòfà tí wọ́n fi irin àti pílátínọ́ọ̀mù olówó iyebíye ṣe ló fi gboyè lókè òkun. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní Fìdítì ni mo kọ́kọ́ fi òòfà hàn án, nígbà tó ṣì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ikun imú. Báyìí, bàbá wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé òòfà rẹ̀, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, kiri nínú àpò, ó ń fi í han gbogbo ayé. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni, bàbá ò bi mí rí pé kí ni mo kọ́ wọn lónìí. Mo jowú débi pé mo fi ẹ̀kọ mi sílẹ̀ lórí tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tí mo ń wá ò ju kí bàbá yìn mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Pásítọ̀ ní kí àbúrò mi ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní nǹkan náà ò ṣe é fi Yorùbá sọ, ló bá ki Gẹ̀ẹ́sì mọ́lẹ̀. Inú bí mi. Kí ni ò ṣe é fi Yorùbá sọ? Ó sọ gbólóhùn kan gbọọrọ tó kún fún ọ̀rọ̀ ìwé, ó wá ń wò mí kí n túmọ̀ rẹ̀.

Mo lè sọ pé, "Ó ní òun ṣe òòfà," kí n sì pa ẹnu dé. Ó wù mí gan-an. Àmọ́ bàbá wà níwájú, ó fi ọwọ́ gbé etí, ó ń retí mi.

"Ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ irin àti pílátínọ́ọ̀mù pọ̀, ṣe ni wọ́n dà rú mọ́ra, òòfà náà ò ní lágbára. Wọ́n á dá a padà sínú iná. Iná yẹn ni yóò tò wọ́n, ìlà kan irin, ìlà kan pílátínọ́ọ̀mù, bí ẹni gbin ẹ̀gẹ́ sáàárín àgbàdo. Ìgbà yẹn ni agbára rẹ̀ máa dúró. Ṣùgbọ́n bí iná bá pẹ́ jù, àwọn hóró tíntìntín inú rẹ̀, tó jẹ́ maikirosíkóòpù nìkan ló lè rí wọn, á sanra jù, agbára á sì máa jò lọ. Ìgbà tó yẹ kí iná kúrò ni àbúrò mi wá rí."

Ìjọ hó yèè. Àbúrò mi ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Nígbà tí a délé, bàbá pe àwa méjèèjì sí pálọ̀. Ó ní kí àbúrò mi tún un sọ, kí òun náà lè rí i sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ òun ní Jobele.

"Bàbá, bùọ̀dá mi ni wọ́n mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́."

"Ìwọ lo niṣẹ́. Ẹnu ẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

Àbúrò mi wojú mi, ojú ń tì í. Ó wá sọ ọ́, tẹ̀gẹ́ tàgbàdo, bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó wá yíjú sí mi.

"Ṣé o gbọ́ bó ṣe là á yé èèyàn? Báyìí ni kó o máa kọ́ àwọn ọmọ yẹn ní Fìdítì."