Nọ́ọ̀sì Tó Jókòó Ti Bàbá Mi

Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, kí n tó rántí ojú bàbá mi. Ogun abẹ́lé ti parí, owó epo ń wọlé, wọ́n sì ń kọ́ ilé tuntun káàkiri Onitsha. Bàbá mi, tó wá láti Ọ̀fà wá tajà aṣọ níbẹ̀, dùbúlẹ̀, jẹjẹrẹ ti wọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kò sóhun tí àwọn tún lè ṣe. Àwọn àgbà ní àìsàn ló ṣeé wò, a kì í rí tọlọ́jọ́ ṣe. Àmọ́ ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ lójú bàbá rẹ̀? Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, tí mo rò pé kò sóhun tí n kò mọ̀, ni mo ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé yóò dìde. Ó ń béèrè bóyá kí òun ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin nílé, nítorí ìjà àtijọ́ kan wà láàárín wọn tí òun fẹ́ parí.

"Ẹ má wulẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu," ni mo máa ń wí. "Ẹ̀yin náà lẹ máa lọ kí wọn."

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, ọmọ Odekpe, ìlú kan nítòsí Onitsha, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́. Ó mọ ọgbẹ́ wẹ̀, ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí, ṣùgbọ́n bó bá dé ọ̀dọ̀ bàbá, á yára wò ó bóyá ara rẹ̀ gbóná, á sì sá lọ. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora tí dókítà kọ, ẹ̀rù ń bà á láti gún un, kí wọ́n má baà ní òun ló pa á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a lórí àga, ó di ọwọ́ bàbá mú. Inú bí mi.

"Sísítà, ṣé ìjókòó ni wọ́n gbà yín fún?"

Ó fẹ́ dìde, bàbá ò jẹ́. "Nne, jókòó," ó pè é bí àwọn Ìgbò ṣe ń pe ọmọbìnrin wọn. Ó wá yíjú sí mi: "Ọ̀mọ̀wé, rọra. Mo bi í bóyá mò ń kú lọ. Ó sunkún, ó ní wọn ò kọ́ àwọn lóhun téèyàn ń sọ, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Òun nìkan ni kò parọ́ fún mi. Lọ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi."

Láti ọjọ́ yẹn ni nọ́ọ̀sì náà ti ń gún abẹ́rẹ́ lásìkò. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá fi ọkọ̀ akẹ́rù sọdá afárá odò dé Onitsha, bàbá ò kérora mọ́.

"Àbúrò, ṣé o ṣì ń bínú?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bínú!"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan sí i tí bàbá fi kú.

Wọ́n ní wọ́n ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì báyìí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tó ń kú lọ. Inú mi dùn. Èmi náà ti darúgbó, àìsàn tí kò gbóògùn ti dá mi dùbúlẹ̀, àwọn ọmọ mi sì ń sọ pé, "Bàbá, ẹ máa dìde." N kò dá wọn lẹ́bi. Mo kàn ń wo ẹnu ọ̀nà, bóyá ẹnìkan á wọlé, á fa àga mọ́ra, á sì jókòó.