Fọ́nrán Irun Inú Òkúta

Ogójì ọdún ni Delbert Kinser fi gé òkúta ẹfun jẹun ní ìlú Bedford, ní ìpínlẹ̀ Indiana, síbẹ̀ kò fẹ́ kí a máa pe òun ní agbẹ́-òkúta. Olùwádìí ni ó ń pe ara rẹ̀. Ohun tí ó sì wádìí ni pé àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ kò gbẹ́ òkúta píramíìdì rárá. Ńṣe ni wọ́n pò ó bí ẹni po kankéré, tí wọ́n sì dà á sínú àpótí pákó níbi tí ó wà gan-an. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti òkúta rí, Delbert a máa wí, kò ní gbà láéláé pé ẹ̀dá fa irú rẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì gun òkè.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Merle Hostetter, olùkọ́ ìtàn, ni ó lọ sí Gísà ní ọdún 1981, tí ó mú èérún òkúta kan bọ̀ fún un. Bí a bá gbé awò tí í sọ kékeré di ńlá lé e, a ó rí fọ́nrán irun pupa kan tí ó wọ inú rẹ̀ ṣinṣin. Irun kì í sì í wọ òkúta tí ẹnikẹ́ni kò pò. Delbert ní irun lébìrà Fáráò ni. Ìwé pẹlẹbẹ mọ́kànlá ni ó kọ lé e lórí.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí sílẹ̀ ní ìlú náà. Nígbà tí ó yá, Merle yí padà. Ó ní gbígbẹ́ ni wọ́n gbẹ́ ẹ, pé ìran kan tí ó ti parun ṣáájú ìkún omi ni ó gbẹ́ ẹ. Ẹgbẹ́ là sí méjì. Merle sọ Delbert ní Baba Oníkankéré. Delbert sọ òun náà ní Ọmọ Nóà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọn kò fi kí ara wọn, bí kò ṣe lórí pèpéle àríyànjiyàn. Lórí irú pèpéle bẹ́ẹ̀ ni Delbert wà, ní Louisville, nígbà tí òṣìṣẹ́ ilé ìtura wá sọ fún un pé wọ́n ń pè é láti ilé lórí ọ̀rọ̀ Lorene aya rẹ̀ tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Ó ní kí wọ́n dúró díẹ̀, òun ń sọ̀rọ̀ irun lọ́wọ́. Kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, Lorene ti kú.

Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 2012, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì gbà láti yẹ èérún náà wò. Kìkì ohun tí ó béèrè ni ìwé tí ẹni tí ó mú un láti Gísà buwọ́ lù, kí ó tó di ọjọ́ Ajé. Láìsí ìwé yìí, gbogbo ayé Delbert di ìtàn àgbọ́sọ. Merle sì wà ní ilé ìtọ́jú arúgbó, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́. Delbert gbọn ìtìjú nù, ó gbọ̀nà ibẹ̀.

Opal, aya Merle, ni ó bá lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Delbert, ṣé ìjà lo tún bá wá ni? Èémí tó kù lára ẹ̀ ò tó ìjà jà o."

"Ìwé ni mo fẹ́ kó buwọ́ lù."

Merle rẹ́rìn-ín lórí ìrọ̀rí. "Baba Oníkankéré. Mo rò pé o ti gbẹ mọ́lẹ̀ níbì kan ni."

"Ọmọ Nóà. Ìkún omi ò tíì gbé ẹ lọ?"

"Ó ti dé àyà."

Ó ka ìwé náà títí dé ìsàlẹ̀.

"Delbert, mi ò mú nǹkan kan bọ̀ láti Gísà. Ọlọ́pàá kan ò fi ẹ̀yìn mi sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Àpá gbígbẹ́ ni mo rí lára òkúta píramíìdì yẹn, gẹ́lẹ́ bí irú èyí tí ìwọ náà máa ń fi sílẹ̀ níbi iṣẹ́."

"Kí wá lo fún mi?"

"Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń retí mi. Ojú tì mí. Mo gba ẹ̀yìn abà ẹ, mo ṣa ọ̀kan nínú kankéré tí o ń fi dánra wò."

"O sì ń bá mi jà lé e lórí látọjọ́ yìí?"

"Mo rò pé tí mo bá jà tó, wàá jù ú nù fúnra ẹ. Mi ò ní jẹ́wọ́ mọ́ nìyẹn." Ó na ọwọ́. "Mú bírò wá. Màá buwọ́ lù ú. Ta ló máa bi òkú?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti Merle ti lọ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé kan, ó sì tún ń bẹ̀bẹ̀ kí a jẹ́ kí ó máa lọ. Delbert wo ọwọ́ tí Merle nà sí i. Bírò wà lápò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn abà ni ọkàn rẹ̀ ti lọ. Ènìyàn méjì péré ni ó ń po kankéré níbẹ̀ nígbà náà. Òun ni ó ń bu omi. Lorene ló ń fi ṣọ́bìrì rò ó, irun rẹ̀ pupa, kì í sì í dì í, ìráhùn rẹ̀ kò sì yí padà: "Delbert, irun mi á tán sínú iyanrìn ẹ yìí."

Ó ká ìwé náà mẹ́rin, ó fi sápò. "Sinmi, Merle," ni ó wí, ó sì jáde.

Nínú ọkọ̀, ó gbé awò lé èérún náà. Ẹni tí ó gé òkúta fún ogójì ọdún mọ ibi tí a ti í lu irú rẹ̀ tí yóò fi là. Ó sì mọ̀ pé bí ó bá là, irun náà yóò já. Ó ń wò ó títí èémí rẹ̀ fi bo awò, kò rí nǹkan kan mọ́, kò sì nù ún.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀jọ̀gbọ́n pè é. Fóònù dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́, Delbert kò gbé e.