Amọ̀ Ẹ̀yìn Oko

Iṣẹ́ ìkòkò mímọ ni ìyá mi ń ṣe ní Oǹdó kí wọ́n tó bí mi. Ìkòkò ọbẹ̀, àmù omi, agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Kò lo ẹ̀rọ kankan rí. Á da ojú ìkòkò àtijọ́ kan délẹ̀, á na amọ̀ lé ìdí rẹ̀, á wá máa fi ẹ̀yìn rìn yí i ká títí amọ̀ náà yóò fi gún régé. Èmi àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni mò ń ru amọ̀ láti inú kòtò tó wà lẹ́yìn oko bàbá mi, mo sì kórìíra rẹ̀ dé ọkàn. Amọ̀ a máa gbẹ sí mi léèékánná. Àwọn ẹgbẹ́ mi níléèwé a máa pè mí ní Ọmọ Ẹlẹ́rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo wọlé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sọ fún ìyá mi pé ọwọ́ mi kò ní kan amọ̀ mọ́ láyé.

Ó ní, "Ìwé dára. Ṣùgbọ́n bí mo bá kú, ta ni yóò máa ṣe é?"

Mo gbé àpò ìwé mi, mo jáde.

Mo kàwé tán, mo ríṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, nílùú Àkúrẹ́, ní ọ́fíìsì tó ń rí sí àṣà ìbílẹ̀. Lẹ́yìn ikú bàbá mi, àbúrò rẹ̀ gbé ìwé kan wá bá mi nílé, ní àdúgbò Arakale. Ẹnì kan fẹ́ ra ilẹ̀ ẹ̀yìn oko, ó fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn àríyá síbẹ̀. Gbogbo ọmọ bàbá mi ti fọwọ́ sí i, ó ku èmi nìkan.

Mo ní, "Bàbá, kòtò amọ̀ Màámi ńkọ́?"

"Ta ló tún ń ra ìkòkò amọ̀ lóde òní? Jẹ́ kí màmá rẹ sinmi."

Kò sẹ́ni tó bi ìyá mi léèrè. Ìyàwó ilé ni, wọ́n ní ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá kọ̀, wọn kò ní rí i tà. Mo fọwọ́ sí i. Mo ń sọ fún ara mi pé nítorí ìsinmi rẹ̀ ni. Irọ́ ni. Ìjà ẹbí ni mi ò fẹ́, ìpín tèmi ni mo sì fi parí òrùlé ilé mi. Ariwo katakata tó ń kún kòtò náà ni ìyá mi fi mọ̀ pé wọ́n ti tà á. Kò pè mí.

Nígbà tó yá, ọ́fíìsì wa fẹ́ ṣe àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀. Ọ̀gá mi pè mí, ó ní òun gbọ́ pé amọ̀kòkò ni ìyá mi, kí n mú un wá. Inú mi dùn, ojú ò tì mí. Mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó, mo bá a níbi tó ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà.

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní, "Amọ̀ dà?"

Mo ra amọ̀ wá lọ́wọ́ àwọn tó ń sun bíríkì létí odò. Ó fi ìka bù ú, ó fìka ra á, ó fi kan ahọ́n.

"Iyanrìn pọ̀ nínú èyí. Iná yóò fọ́ ọ."

"Màámi, ẹ dákun. Mo ti ṣèlérí fún ọ̀gá mi."

Ó dìde, ó sì mọ ìkòkò mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n gbẹ, ó kó imọ̀ ọ̀pẹ àti igi lé wọn lórí, ó finá sí i. A jókòó, à ń gbọ́ wọn bí wọ́n ti ń bẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú iná. Ẹyọ kan ló kù, òun náà sán láti ẹnu dé ìdí. N kò rí ìyá mi kí ó sunkún nídìí iṣẹ́ rẹ̀ rí àfi ọjọ́ náà.

Èyí tó sán yìí la gbé lọ sí Àkúrẹ́. Lórí tábìlì tí wọ́n gbé e sí, ìkòkò òdòdó tí wọ́n rà nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà, ló yí i ká. Wọ́n kọ ọ́ síwájú wọn pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa ni. Àlejò pàtàkì kan dúró ti ìyá mi, wọ́n ya fọ́tò, ó wá bi í lédè òyìnbó pé kí ló dé tí iṣẹ́ yìí ń kú lọ. Mo túmọ̀ ìbéèrè náà fún un.

Ìyá mi fi èdè Oǹdó fèsì pé, "Sọ fún un pé ọmọ mi wà lára àwọn tó ta ibi tí mo ti ń wa amọ̀."

Mo kọjú sí àlejò náà. Mo fi èdè òyìnbó sọ pé màmá ní kí ìjọba ran àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Nínú takisí, ìyá mi ní, "Ohun tí mo sọ kọ́ lo sọ fún wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Mo mọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ohun tí mo sọ kò ní pàtẹ́wọ́."

Kò mọ ìkòkò mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí mo bá lọ kí i, á se oúnjẹ fún mi, á béèrè àwọn ọmọ mi. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́tò ọjọ́ àfihàn náà wà lára ògiri ọ́fíìsì wa. Nígbà mìíràn àlejò a bi mí bóyá màmá yẹn ṣì wà láyé. Mo máa ń ní ó wà. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan nínú wọn pé ìyá mi ni.