Ìpẹtà Ara Ẹ̀rọ Agbáyìnyín Bàbá

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méjìlá ni, ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá. Mo mọ aago náà dáadáa nítorí pé fóònù mi ni mò ń wò lọ́wọ́. Mò ń retí ìmeèlì láti ilé-iṣẹ́ kan ní Farmers Branch tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún iṣẹ́. Bàbá pè mí láti gáréèjì. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ rọ̀ ju bó ṣe máa ń rí lọ, ìyẹn gan-an ló já mi láyà.

"Ọmọ mi, wá bá mi wo nǹkan yìí."

Bàbá kọ́ ni bàbá tó bí mi. Òun ló ni ilé tí mò ń gbé ní Mesquite, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ, nígbà tí mo sì gboyè jáde ní yunifásítì tí n kò ríṣẹ́ gidi, ó ní kí n wá máa gbé yàrá ẹ̀yìn. Ó lé ní ogún ọdún tó fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Minnesota, níbi tí yìnyín ti máa ń ga dé orókún. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tó kó wá sí Dallas, ó gbé ẹ̀rọ agbáyìnyín rẹ̀ dání. Àwọn àgbà ìjọ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

"Bàbá, ooru ló wà níbí o. Ṣé ẹ̀rọ yín lè bá wa gbá ooru?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ni Bàbá máa ń sọ. "Ọjọ́ tí yìnyín bá dé, gbogbo yín lẹ máa pè mí ní sà."

Yìnyín náà dé lóòótọ́, ní oṣù kejì ọdún yìí, ṣùgbọ́n Bàbá kò sí nílé. Ó ti lọ kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn. Orí fóònù ló ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ náà, mo sì gbá iwájú ilé wa àti ti aládùúgbò méjì. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í ṣe pé mo ya ọ̀lẹ.

Lẹ́yìn náà ló sọ bí mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí epo inú rẹ̀ á fi tán. Kí n fi àkísà gbígbẹ nu gbogbo ara rẹ̀, títí dé inú ibi tó máa ń tu yìnyín jáde, tí Bàbá ń pè ní ọ̀fun. Kí n fi gírísì sí ìdí irin lílọ́ tó ń kó yìnyín wọlé. Kí n wo irin pẹlẹbẹ méjì tó fi ń tẹ ilẹ̀, tó ń pè ní bàtà, bóyá kọnkéré ti jẹ ẹ́. Kí n fi ọ̀dà kun ibi tó bá bó.

Kò sọ pé kí n má fi omi fọ̀ ọ́. Bóyá kò tilẹ̀ rò ó pé ẹnì kan lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé wa, a kì í dá nǹkan onínǹkan padà láìfọ̀ ọ́. Bí ìyá mi bá yá ìkòkò lọ́wọ́ aládùúgbò, yóò fi eérú fọ ìdí rẹ̀ títí tí ẹni tó ni ín kò fi ní mọ̀ ọ́n mọ́. Mo bá fa rọ́bà omi, mo da ọṣẹ sí i, mo fọ ẹ̀rọ yẹn bí ẹni ń fọ ọmọ tuntun. Ó ń dán. Nígbà tí mo wá mú gírísì, ó dà bíi pé mo fẹ́ dọ̀tí sí ohun tó mọ́, mo sì gbé e padà sórí pẹpẹ. Mo wé ẹ̀rọ náà sínú ọ̀rá ńlá, mo lẹ̀ ẹ́ ní téèpù yíká, bí bàbá tó bí mi kò ṣe yọ ọ̀rá kúrò lára àga pálọ̀ wa fún ọdún mẹ́fà kí ó má baà gbó. Omi ṣì wà lára rẹ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi sé omi náà mọ́ inú ibẹ̀.

Nígbà tí Bàbá ti Ìbàdàn dé, ó béèrè nígbà tí à ń jẹun: "O fi gírísì sí i?"

Mo ní, "Mo fi sí i, sà."

N kò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Rárá, mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kó máa rò pé mo wúlò nínú ilé rẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá yìí ló tú ọ̀rá náà, nítorí òtútù ti ń bọ̀. Irin lílọ́ yẹn ti pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Bàtà rẹ̀ méjèèjì ti dípẹtà, ọ̀dà inú ọ̀fun ń ṣí bí èèpo. Bàbá fi ìka kàn án, ó wo ìka rẹ̀.

"Ìwọ sì fi gírísì sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwọ kì í purọ́ fún mi." Ó fi àkísà nu ìka náà. "Á jẹ́ pé èmi ni. Mo ti tú u nígbà ooru, mo ti fomi sí i, mo tún wé e padà. Mi ò sì rántí."

Mo ní láti ṣàlàyé ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Mansfield, tí òun náà jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ń sọ fún un láti ìgbà ooru pé ó ti ń gbàgbé nǹkan, pé kó yéé wakọ̀. Bàbá ń jà á níyàn. Ọkọ̀ yẹn ló fi ń gbé ìyá àgbà méjì nínú ìjọ wa lọ sí kílíníìkì, òun ló sì ń mú kó jí pẹ̀lú ayọ̀. Ní Mesquite, ẹni tí kò ní ọkọ̀ wà lẹ́wọ̀n.

Ní Ọjọ́rú, nígbà tó gbé ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà jáde, mo wọ gáréèjì. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì onírin tí òun fúnra rẹ̀ lọ rà ní Mọ́ńdè, mo ha ìpẹtà náà kúrò, mo fi sáńpépà dán an, mo nu ún gbẹ, mo fi gírísì sí gbogbo ìdí irin, mo kun ọ̀fun rẹ̀. Mo rò pé bí irin náà bá ti mọ́, ọkàn mi náà á mọ́.

Bàbá dé, ó wọ gáréèjì, ó pẹ́ kó tó jáde.

"Ṣé ìwọ lo bá mi fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn?"

Ẹnu mi yára jù mí lọ. "Rárá, sà."

Ó jókòó. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, bóyá ó ń wá gírísì níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn obìnrin náà láti inú fóònù.

"Òótọ́ lo sọ," ni Bàbá wí. "Wá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ní Sunday, lẹ́yìn ìsìn."

"Dádì, ṣé ó dá yín lójú?"

"Mò ń ṣe nǹkan tí mi ò mọ̀ pé mo ṣe."

Òní ni Fúráìdè. Ó ti pe àwọn ìyá méjèèjì pé kí wọ́n wá ẹlòmíì tí yóò máa gbé wọn. Mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lónìí, mo sì padà. Ìtìjú wà níbẹ̀, ẹ̀rù pé yóò lé mi náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó dààmú mi jù wọ́n lọ. Ní oṣù tó kọjá, Bàbá gbé mi lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ tí mo wí yẹn, ó wakọ̀ kọjá ibi tó yẹ ká ti yà kúrò lórí fíríwéè, ìyẹn ọ̀nà márosẹ̀ ńlá, ó sì ń lọ títí mo fi sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìtàn tí à ń sọ ló gba òun lọ́kàn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti ń gbàgbé nǹkan lóòótọ́, pé irọ́ mi kàn gbé e dé ibi tí òótọ́ ti ń dúró dè é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún òun nìkan lọ́la, àbí kí n dúró kí ọmọ rẹ̀ dé, kí n sọ ọ́ níwájú àwọn méjèèjì? Ọ̀rọ̀ ti fíríwéè yẹn ńkọ́? Ṣé ó tọ́ kí n sọ ọ́ nígbà tí mo bá ń tọrọ àforíjì, àbí yóò dà bíi pé mo tún ń wá ibi tí mo máa sá sí?