Ihò Roboto Lára Ewé Róòsì

Aránṣọ ni ìyá yìí, ojú rẹ̀ sì mọ ohun tí sísọ́ọ̀sì gé yàtọ̀ sí ohun tí eku jẹ. Ìmọ̀ iṣẹ́ yìí gan-an ló kó o sí wàhálà.

Ó gbin róòsì sábẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nínú ọgbà tí òun àti àbúrò ọkọ rẹ̀ jọ ń gbé. Òdòdó rẹ̀ ló máa ń gbé lọ síwájú pẹpẹ ní ọjọ́ Ìsinmi tó bá kẹ́yìn oṣù. Lọ́dún yìí, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í lu. Kì í ṣe ihò jákujàku; ó ṣe roboto létí ewé, ó jọ̀lọ̀ bí ọrùn aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ó wọ́n eérú sídìí igi, ó jí ní kùtùkùtù wá kòkòrò, kò rí nǹkan kan. Ihò ń pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ náà sú u dé eegun. Ó ní kòkòrò wo ló kọ́ṣẹ́ aránṣọ?

Ẹnì kan ṣoṣo tó tún ní sísọ́ọ̀sì nínú ọgbà ni àbúrò ọkọ náà, onídìrí tó ń lo yàrá iwájú. Ó kéré sí aránṣọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í porúkọ ọmọ ọkọ. Eyínfúnjowó ni aránṣọ ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé. Ẹ̀gún róòsì sì ti fa aṣọ oníbàárà onídìrí ya rí, ó wá fi ṣàwàdà pé lọ́jọ́ kan òun yóò gé igi náà.

Àwàdà yẹn ni aránṣọ rántí lọ́jọ́ tí sùúrù rẹ̀ tán. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà onídìrí lójú àwọn oníbàárà, ó ní ẹni tó bá kórìíra igi òun kí ó gé e lulẹ̀, kí ó yé jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ewúrẹ́ ọ̀lẹ. Kò pè é ní Eyínfúnjowó. Onídìrí parí irun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ó ránṣẹ́ pé òun ti rí yàrá ní òpópónà kejì.

Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Aránṣọ kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnikẹ́ni kó tó dá a.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣíwájú Ìsinmi, ó gbójú sókè lórí ẹ̀rọ. Oyin kan tó ń dá rìn bà sórí ewé róòsì, ó fi ẹnu gé e yípo bí ẹni tó ń tẹ̀ lé ojú ìlà ṣọ́ọ̀kì. Ó ká èyí tó gé sábẹ́ ikùn, ó fò gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì wọ inú ọ̀pá onírin tí kọ́tìnnì rọ̀ mọ́. Aránṣọ yọ ọ̀pá náà, ó gbọ̀n ọ́n. Ewé tí a ká gírígírí bí òwú inú bọ́bìnì jábọ́ sórí tábìlì. Ilé òun ni olè ń kó ẹrù sí.

A ti kọ́ aránṣọ láti kékeré pé kí ẹni tó mú ẹ̀bùn wá síwájú pẹpẹ, tó sì rántí pé ará òun ní ohun kan sí òun, kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Bí ẹni pé àwọn mìíràn la kọ ẹsẹ yẹn sí ló ṣe máa ń gbọ́ ọ. Ó kó ewé náà sátẹ́lẹwọ́, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú onídìrí.

"Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀ọ́. Oyin ni. Inú ọ̀pá kọ́tìnnì ṣọ́ọ̀bù mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ló sì ń gbé."

Onídìrí wo ewé náà títí. "Ìyàwó wa, ṣé ẹ ti lọ bá oyin náà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, lójú àwọn èèyàn ẹ̀?"

Onídìrí mú igò tó fi ń fọ́n omi sírun, ó da ọṣẹ díẹ̀ sí i, ó lọ sídìí igi. Kò wo ewé. Ó gbé ìrudi òdòdó kan sókè: kòkòrò wínníwínní aláwọ̀ ewé ṣù mọ́ ọrùn rẹ̀, èèrà sì tò wá lá oje dídùn wọn.

"Àwọn tó ń fa omi ara òdòdó yín nìyí. Ihò ewé ò pa igi. Ẹ ń ṣọ́ mi, wọ́n ń jẹun."

Ó fọ́n gbogbo ìrudi lómi ọṣẹ. Ọ̀pọ̀ ti rọ. Kò sí èyí tí yóò là lọ́la. Aránṣọ bi í bóyá kí òun bá a tú ẹrù.

"Ẹ kọ́kọ́ dá ọ̀pá yẹn padà," ni onídìrí wí. "Oyin yẹn náà ti ń wá ilé kiri."

Lọ́jọ́ kejì, aránṣọ lọ sílé Ọlọ́run lọ́wọ́ òfo. Nígbà tó padà dé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ lábẹ́ ọ̀pá tó ti gbé padà sáyè rẹ̀, ó ń wo ẹrù onídìrí tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá iwájú. Wọn kò tíì tú u. Wọn kò sì tíì gbé e.